Ẹrẹ̀ Yàrá Ẹ̀yìn ní Àrẹ̀mọ

Bí òjò bá ti pa ògiri amọ̀ tó gbẹ, òórùn tó ń jáde níbẹ̀ máa ń gbé mi padà sí agbo ilé wa ní Àrẹ̀mọ, sí ẹ̀yìn yàrá kan báyìí. O mọ bí ilé ṣe fún mọ́ra níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ gé ẹrẹ̀ lára ògiri yàrá náà, ògiri tiwa kàn mí láyà, ti aládùúgbò kàn mí lẹ́yìn, mi ò sì lè yíjú.

Ẹnu ara mi ló kó bá mi. Iṣẹ́ mi ni láti yẹ ẹrẹ̀ ilé àtijọ́ wò, kí n mọ apá tí wọ́n kọ́kọ́ mọ àti èyí tí wọ́n fi kún un. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà, ló ń gbé yàrá náà. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé bàbá àwọn ló dá a mọ lọ́tọ̀, pé àwọn gan-an pọn omi rẹ̀ ní kékeré. Bó bá jẹ́ òótọ́, ti ìdílé tiwa ni. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, ti gbogbo agbo ilé ni, mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa, sì ti ní ẹlòmíràn tó fẹ́ fi síbẹ̀. Bí ariwo ṣe pọ̀ lórí rẹ̀ láàárín ẹbí ni èmi ọ̀mọ̀wé dìde: "Ẹrẹ̀ kì í purọ́. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì."

Mo rẹ ẹrẹ̀ ilé iwájú, tó jẹ́ ti gbogbo agbo ilé, àti ti yàrá ẹ̀yìn sómi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo sẹ́ wọn, mo sá wọn sórí ìwé. Òkúta wẹ́wẹ́ pupa kan náà, èésan èkùrọ́ kan náà. Níbi tí ògiri méjèèjì ti pàdé, ìpele ẹrẹ̀ gba inú ara wọn kọjá láìjá. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ̀yìn nìkan ló jẹ́ tuntun. Iwájú ò ṣeé lọ mọ́, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo ń lọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń lọ́ aṣọ tútù. Mọ́gàjí ní, "Ọ̀mọ̀wé, gírámà yìí ò yé wa o. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n mọ ọ́n ni, àbí ẹ̀ẹ̀mejì?"

Àbúrò bàbá mi ló fọhùn.

"Sọ ọ́, ọmọ mi. Omi tí mo pọn yẹn, omi sìmẹ́ńtì ni. Bàbá mi rẹ́ ilé ni, wọn ò mọlé. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti mọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan ni," ni mo wí.

Kí oṣù tó parí, àbúrò bàbá mi ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Mọlété. Èmi ni mo ru àpótí wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, wọ́n ní oorun tí àwọn sùn lóru àná, àwọn ò sun irú rẹ̀ rí láti ìgbà èwe. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo há sáàárín ògiri. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́ iyì bàbá rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Síbẹ̀, èmi ni mo fẹnu ara mi gba yàrá lọ́wọ́ wọn. Ẹrẹ̀ yẹn ṣì wà nínú ike lórí tábìlì mi. Mi ò tíì lè dà á nù.