Bàtà Tí Wọ́n Kùn Sí Bàbá Mi Lẹ́sẹ̀

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi mí fún òbí tó mọ̀ Ọ́n, tó sì dá ọpọlọ mi sí tí mo fi ń rántí ojú wọn. Oore ńlá ni. Mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ mi kan gba fọ́tò mi, ó fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di àwòrán tó dà bíi pé wọ́n fi ọ̀dà kùn. Gbogbo ibi tó ti hunjọ lójú mi ló dán gbinrin. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ wo bí ẹ ṣe rẹwà." Mo ní kó ṣeun. Ṣùgbọ́n àwòrán náà rí mi lára, ó sì ya ọmọ náà lẹ́nu pé mo kọjú sí ibòmíràn. Ohun tí mi ò lè sọ fún un níjọ́ náà ni mo ń kọ yìí.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní ilé-ìwé ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ará Ayépé. Ó ti dàgbà kó tó gba Jésù, fọ́tò kan ṣoṣo tó sì yà láyé rẹ̀, ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀ ló yà á. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn nínú aṣọ funfun, kò wọ bàtà. Ó ní bàtà o. Nígbà tí ẹni tó ń ya fọ́tò ní kó dúró dáadáa ló bọ́ ọ, ó ní ibi tí òun dúró sí lónìí, wọn kì í wọ bàtà débẹ̀. Màmá mi ló bá a mú bàtà náà dání títí wọ́n fi yà á tán.

Nígbà tí ìdúpẹ́ ọdún kan ikú rẹ̀ ń bọ̀, màmá mi fẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò náà tóbi, kí gbogbo ìjọ lè rí ọkọ òun bó ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ló gbé e lọ fún ayàwòrán kan nígboro. Ohun tó gbòde nígbà náà nìyẹn: ẹni tó bá ní pálọ̀ tó dáa, á gbé fọ́tò dúdú-àti-funfun lọ, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ju pé, "Ẹ ṣáà jẹ́ kó gbayì."

Àwa mẹ́ta la jọ lọ gbà á. Ayàwòrán ṣí aṣọ lórí rẹ̀. Ètè bàbá mi pọ́n bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu epo pupa. Ojú rẹ̀ ń yọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù. Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti dí pátápátá. Aago góòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà dúdú olókùn sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń dán.

Màmá mi wò ó pẹ́. Ó ní, "Ọkọ ta nìyí?"

Ayàwòrán rẹ́rìn-ín. "Ọkọ yín ni, Màmá. Mo kàn tọ́jú wọn díẹ̀ ni."

"Àìsàn wo ló ń ṣe é?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Mo rí i pé wọn ò wọ bàtà ni. Mo rò pé bóyá wọn ò ní."

"O rò pé kò ní," ni màmá mi wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀ láti Èkó. Ṣé iwájú wọn ni bàbá wa á dúró sí láìwọ bàtà?"

"Iwájú Ọlọ́run ló dúró sí láìwọ bàtà. Èwo nínú àwọn ará Èkó yín ló ju Ọlọ́run lọ?"

Mo ní kí ayàwòrán dá fọ́tò kékeré tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wá padà fún wa, ká máa lọ. Ó fà á yọ nínú àpòòwé, kò sì wo ojú mi. Ó ní kí òun tó yà á tóbi, ti kékeré yìí lòun kọ́kọ́ tún ṣe. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ ìyẹn náà. Ètè pupa wà níbẹ̀. Òórùn ọ̀dà gbá mi nímú, mo sì bọ́ síta, nítorí a ò ní òmíràn níbì kankan láyé.

Nígbà tá a délé, màmá mi ki òwú bọ kẹrosíìnì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é, kó má baà bàjẹ́. Ó ní, "Kí ló kù tí kò tíì bàjẹ́?" Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ nù. Bàtà dúdú náà bá òwú lọ bí ìdọ̀tí, ọmọ ìka ẹsẹ̀ bàbá mi sì ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá kan ojú. Ti ojú kọ̀, kò lọ. Aró ni ayàwòrán lò síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà, ó sì ti wọ inú bébà lọ. Nígbà tí bébà bẹ̀rẹ̀ sí í bó, màmá mi dáwọ́ dúró. Báyìí ni fọ́tò náà ṣe wà: ẹsẹ̀ bàbá mi, ojú àjèjì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi gbé fọ́tò ńlá náà síwájú ìjọ. Àwọn èèyàn ń sọ pé, "Bàbá yín mà gbayì o," ó sì ń dáhùn pé ẹ ṣeun. Gbogbo ẹ ṣeun yẹn ń rí mi lára. Ti kékeré wà nínú gèlè tí màmá mi ká lé itan. Nígbà tí wọ́n pè wá pé ká wá dúpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó kó wọn fún mi mú.

Obìnrin kan lẹ́yìn wa bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ẹsẹ̀ ń dun Màmá ni?"

Mo ní rárá. Mo dúró níbẹ̀, mo di bàtà náà mú, mo ń wo màmá mi bó ṣe ń rìn lọ síwájú lórí sìmẹ́ńtì títutù.

Ìwọ tó kà á dé ibí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú ẹni tó o fẹ́ràn pòórá mọ́ ọ lójú. Níbi tó o bá dúró sí, kí Ó bá ọ níbẹ̀ bó o ṣe rí gan-an, kí Ó sì tẹ́wọ́ gbà ọ́. Àmín.