Ológbò Mọ́mì àti Gíláàsì Dúdú Mi

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Mọ́mì onílé wa ní Ìkẹ́rẹ́ gbé ológbò wọn sínú apẹ̀rẹ̀ jáde, tí wọ́n ní, "Tíṣà, yọ máṣíìnì ẹ síta." Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró ni. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, mo ń kọ́ni, mo sì ti ra àṣíborí onígíláàsì dúdú kí àwọn ọmọge lè máa wò mí.

Ìgbẹ́ gbuuru ti ń da ológbò náà láàmú láti bí ọjọ́ mélòó kan. Opó ni Mọ́mì, àwọn ọmọ wọn wà l'Ékòó. Ẹranko yìí nìkan ló ń sùn tì wọ́n. Nítorí náà, a tọ́jú rẹ̀ bí a ṣe ń tọ́jú èèyàn tó ń ṣàìsàn: gbogbo ará ilé ń gbé mílíìkì alágolo wá kí i, èmi náà gbé wá. Bó ṣe ń mu ún ló túbọ̀ ń rù. Kì í ṣe ikú ológbò nìkan ni mò ń bẹ̀rù. Mò ń bẹ̀rù ojú Mọ́mì bí ológbò náà bá kú, àti pé mi ò ní mọ ohun tí màá sọ.

Mọ́mì jókòó sẹ́yìn mi lórí alùpùpù, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan, a sì kọrí sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ní Emùré. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lọ́nà. Lẹ́yìn gíláàsì yẹn, títì àti igbó di ọ̀kan náà lójú mi. Mo já sí kòtò kan, ológbò ké.

"Ṣé o ń ríran ṣá?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni, mà."

"Díẹ̀díẹ̀ kẹ̀! Gíláàsì dúdú lálẹ́, oòrùn wo lo ń sá fún? Ṣí i sókè jàre. Kòkòrò tó bá kó sí ẹ lójú, màá bá ẹ fẹ́ ẹ jáde."

Mo ṣí i, mo sì rọra ń wa máṣíìnì lọ. Ojú ń tì mí, ara sì tù mí, lẹ́ẹ̀kan náà.

Dókítà yẹ ẹran náà wò. "Ta ló ń fún un ní mílíìkì?"

"Gbogbo ilé ni," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ní inú ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà kì í gba mílíìkì. Omi ni ká máa gbé síwájú ẹ̀, ká sì máa fún un ní ẹran adìẹ bíbọ̀ ní kékeré kékeré, láìsí eegun, ata, iyọ̀, epo tàbí àlùbọ́sà.

"Láìsí ata?" Mọ́mì pariwo. "Ṣé Èkìtì náà ni dókítà yìí ń gbé?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ológbò jẹun, ó lá abọ́ mọ́ tónítóní. Mọ́mì gbá a mọ́ra, wọ́n ń sunkún. Èmi náà sá wọ yàrá lọ sun tèmi.

Ó ti pẹ́. Mo ṣì ń ṣàárò ọ̀nà Emùré, pẹ̀lú ohùn Mọ́mì lẹ́bàá etí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mọ́mì pè mí. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ mú wọn lọ s'Ékòó, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ò fẹ́ ológbò tí Mọ́mì ń sìn báyìí. "Ìwọ ni màá fún," ni wọ́n wí. "Mi ò lè fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn kí n sùn." Mo ti ní kí wọ́n gbé e wá. Ìyàwó mi, tí kì í fẹ́ kí ológbò kọjá lójú fèrèsé wa, kò tíì gbọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí?