Kànga Tí A Gbẹ́ Nínú Òjò

Ẹlòmíràn á wo kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kó tó mọ ibi tí ọdún dé. Èmi, okùn kànga ilé wa ni mò ń wò. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ dáadáa, tí àwọn alágbàdo sísun ti gba etí títì láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Odogbolu, omi á gòkè débi pé díẹ̀ ló kù kí n fi abọ́ bù ú. Nígbà náà, n óo ká okùn jọ, n óo ta á ní kókó, torí a ò nílò gígùn rẹ̀. Bí lékeléke bá dé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í la gbogbo wa létè, n óo tú kókó kan. Tó bá fi máa di àsìkò tí agbálùmọ̀ ń dùn, kò sí kókó kankan mọ́ lára okùn, n óo wá okùn míì so mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹrẹ̀ ló kù ní ìsàlẹ̀.

Ọkọ mi ló ni kànga náà, torí òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Olùkọ́ ni àwa méjèèjì kí a tó fẹ̀yìn tì. Òun tiẹ̀ di ọ̀gá ilé ìwé, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Píríńsípà títí dòní. Nígbà tí a kọ́ ilé wa tán lápá Ijagun, ó ní àárín òjò ni òun máa ṣí i, kí kànga sì ti wà nílẹ̀ kí àlejò tó dé.

Mo ní, “Dádì, ẹ jẹ́ kó di inú ẹ̀ẹ̀rùn. L'Áyépé, ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú ni bàbá mi ń gbẹ́ kànga. Ibi tí omi bá sá pamọ́ sí nígbà yẹn, ibẹ̀ la máa lọ bá a.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kí àwọn àlejò mi wá máa wo ihò gbígbẹ?”

Àwọn tó wá gbẹ́ ẹ kò tíì làágùn dáadáa tí omi fi kan wọ́n lórúnkún. Ọkọ mi pariwo, “Omi ti dé!” àfi bíi pé òun ló dá omi sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ṣílé, àwọn èèyàn ń wo inú kànga, wọ́n ń sọ pé, “Píríńsípà, ọwọ́ yín mà tutù o!” Inú ọkọ mi ń dùn, n kò fẹ́ bà á jẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn gan-an ni kànga gbẹ.

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni kànga ń gbẹ, ọdọọdún sì ni ọkọ mi ń wá ẹni tó jẹ̀bi. Lọ́dún kan, ó ní ilẹ̀ ibí kò dára. Lọ́dún kejì, ó ní igi ọ̀pẹ aládùúgbò ló ń fa omi wa mu. Kò sọ ọ́ rí pé inú òjò ni òun gbẹ́ ẹ. Lójú rẹ̀, “ẹ” ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ bí ìyàwó gidi. Nínú ọkàn mi, tí mo bá ń fa korobá òfìfo sókè, ẹ má bi mí bóyá “ẹ” wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń bá ẹ̀ẹ̀rùn gbé. Tí àrọ̀kúrò bá ń rọ̀, gbogbo dúrọ́ọ̀mù ilé wa á wà lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, n óo dé wọn pa. Omi tí a fi ṣan àwo, òun la óo dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Omi tí a fi wẹ̀ ń lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá da omi nù lásán nínú ilé mi lásìkò yẹn, ìbáà jẹ́ bísọ́ọ̀bù, á gbọ́ tẹnu mi. Bí tiwa bá sì tán pátápátá, aládùúgbò wa kan ní bọ́họ̀ọ̀lù, a óo gbé kẹ́ẹ̀gì lọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé e, títí ọmọ mi fi bímọ.

Ọmọ mi obìnrin yìí pẹ́ nílé ọkọ kó tó rí ọmọ gbé jó. A gbààwẹ̀ títí ikùn wa fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Nígbà tí Ọlọ́run wá dáhùn, tó bí ọmọkùnrin, ó ní òun ò fẹ́ kí n wá s'Ékòó wá wẹ ọmọ. Ó ní ilé òun ni òun ń bọ̀, lọ́dọ̀ mi. Inú mi dùn débi pé mo ń dá sọ̀rọ̀. Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà, oòrùn ti gorí àlééfà.

Ọmọ tuntun kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. À ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, à ń wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ náà ní láti fi omi gbígbóná jó ara. Nápíkìn ńkọ́? Ọmọ náà tọ̀ bíi pé wọ́n rán an wá tán wa lómi ni! Dúrọ́ọ̀mù tó máa ń gbé wa dé ìgbà àkọ́rọ̀ gbẹ lójú mi. Okùn kànga kò rí nǹkan fà sókè mọ́ ju ẹrẹ̀ lọ. Ká má rìn jìnnà, ẹ̀rọ tó ń fa omi bọ́họ̀ọ̀lù aládùúgbò wa jó, ó sì ní ó di ìgbà tí òun bá rí ẹni tún un ṣe. Omi inú ọ̀rá là ń rà mu. Omi tí ọkọ̀ táńkà gbé wá sí àdúgbò ń rùn bí epo dísù. Èwo ni n óo fi wẹ ọmọ nínú ìwọ̀nyí?

Ìròyìn ò ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé Èkó. Ìyá ọkọ ọmọ mi pè mí. “Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá ìyàwó. Mo gbọ́ pé omi ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ̀rọ tiwa ń yọ tọ̀sán-tòru níbí o. Ẹ kàn ní kí wọ́n máa bọ̀.” Ó sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Orí mi gbóná. Ọkọ ọmọ mi fúnra rẹ̀ pè lẹ́yìn rẹ̀, òun ní tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀: “Màmi, ẹ má bínú. Tó bá di Sátidé tí omi ò bá tíì sí, mo máa wá kó wọn.”

Mo wọ yàrá lọ, mo bá ọmọ mi níbi tó ti ń ká aṣọ ọmọ sínú báàgì. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, “Mọ́mì, ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ wà.” Mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo dúró létí kànga, mo bú u dáadáa.

Ọjọ́rú nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún ọkọ mi pé a máa gbẹ́ kànga náà wọlẹ̀ sí i, kíákíá. “Kò sí ìgbà tó dára tó báyìí nínú ọdún. Ilẹ̀ ti gbẹ dé ibi tó lè gbẹ dé.”

Ó ronú, ó ní, “Ìwọ̀nba ẹrẹ̀ tó kù níbẹ̀ la fi ń dọ́gbọ́n. Tí wọ́n bá kó o kúrò, tí wọ́n wá lọ pàdé àpáta ńkọ́?”

Òótọ́ ló sọ, òun ló tún jẹ́ kí inú bí mi. Mo ní, “Á jẹ́ pé àpáta la máa mu nìyẹn.”

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn ọkùnrin méjì kan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti okùn tiwọn. Àbúrò sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti ọkọ mi ń fa korobá. Omi pupa tó kù ni wọ́n kọ́kọ́ fà jáde. Mo gbà á sínú ọpọ́n, mo fi ìdérí dé e bí ẹní ń dé ọbẹ̀ ẹran. Lẹ́yìn náà iyẹ̀pẹ̀ ló ń bọ̀, iyẹ̀pẹ̀ ṣáá. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, mo gbọ́ ìró kan láti ìsàlẹ̀, kò! kò! Ara mi ti sọ fún mi kí ọkùnrin náà tó pariwo: “Màmá, òkúta o!”

Yéè! Ọkọ mi da korobá kan délẹ̀, ó jókòó lé e.

“Inú òjò ni mo gbẹ́ ẹ,” ó ní. “O sọ fún mi. Mi ò gbọ́.”

Ẹ wò ó, ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti to èsì rẹ̀ jọ sẹ́nu, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ló mú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá dé, mo wo orí ewú rẹ̀ tí eruku ti bò, àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Mo ní, “Ẹ dìde, ẹ wá jẹun.”

Ọmọ mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ ti gbìyànjú.”

“Jókòó síbẹ̀!” Mo jágbe mọ́ ọn débi pé ọmọ tuntun ta gìrì. “Sátidé kò tíì pé.”

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbé ọ̀pá irin àti òòlù ńlá wá. Ẹ̀gbọ́n ló sọ̀ kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ẹ̀gbẹ́ òkúta náà ni òun máa bá lọ, òun ò ní í là á láàárín. Gbogbo àárọ̀ ni ìró irin yẹn ń lù mí láyà. Èmi ni mò ń da ohun tó bá jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òkúta wẹ́wẹ́ ni, gbígbẹ, ó funfun lójú. Nígbà tó yá, mo mú ọ̀kan, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dúdú. Mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó tutù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi í sápò aṣọ mi, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Korobá tó tẹ̀ lé e, yanrìn ló wà níbẹ̀, omi ń ro tó tó láti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún. “Ẹ fà mí sókè o! Ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀ lábẹ́ òkúta!”

Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé itan. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo ní, “Olúwa, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ o!” Ọmọ mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi, ẹni tó pariwo “Omi ti dé” lọ́jọ́sí, kò pariwo rárá. Ó da àyà dé ẹnu kànga, ó ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó pẹ́ kó tó gbérí, nígbà tó sì gbé e, ó nu ojú.

A fi omi náà sílẹ̀ kó tòrò. Ní àárọ̀ Sátidé, ó mọ́ gaara. Mo gbé e kaná, mo wẹ ọmọ-ọmọ mi láì wo ìsàlẹ̀ garawa. A fọ gbogbo nápíkìn tó ti kójọ.

Nígbà tí ọkọ ọmọ mi gbé ọkọ̀ dé, ohun tó kọ́kọ́ rí ni aṣọ funfun lórí okùn láti ìdí igi ọsàn dé ara ògiri, tí gbogbo rẹ̀ ń ro omi sílẹ̀. “Màmi, ṣé òjò rọ̀ ní Ìjẹ̀bú ni?”

Mo ní, “Kò rọ̀. Jókòó, kí n bu gàrí fún ọ.”

Ó mu gàrí náà, ó ní omi rẹ̀ tutù bíi pé ó jáde nínú fíríìjì. Nígbà tó ń lọ, òun nìkan ló wọ ọkọ̀, kò gbé báàgì kankan. Ṣùgbọ́n mo rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì kékeré kan, mo gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Mo ní kó gbé e fún ìyá rẹ̀, kó bá mi kí wọn dáadáa.

Nírọ̀lẹ́, mo tún wẹ ọmọ. Mo gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti ń darí sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n lára. Mo dúró láàárín ọgbà. Mo gbé bàsíà sókè, mo sì da omi náà nù sórí ilẹ̀ gbígbẹ, fàà! Eruku dìde, òórùn tó máa ń jáde tí àkọ́rọ̀ bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Ọkọ mi kígbe láti orí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Ta ló da omi nù níbẹ̀ yẹn?”

“Èmi ni.”

Ó tún fẹ̀yìn ti àga.

“Tún da omi kún un,” ó ní.