Orúnkún Àbúrò

Púlọ́ńbà ni bàbá wọn. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ló ti ń kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì lọ sí pápá tẹníìsì kan tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti là káàkiri. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú wọn, rọ́bà omi ni yóò fi nà án títí ara rẹ̀ yóò fi lé. Ẹ̀kọ́ kan ló sì ń kọ́ wọn: "Wá ibi tó ń dun ẹni tó dojú kọ ọ́, kí o máa gbá bọ́ọ̀lù síbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n di oníbúrẹ́dì. Ìyẹ̀fun tó ń pò lójoojúmọ́ sọ apá rẹ̀ di irin. Ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ tíṣà kan tí wọ́n jọ ń díje lẹ́nu rí, eyín iwájú rẹ̀ yọ, bàbá ń pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ni àbúrò ní tiẹ̀. Bí rẹfirí bá ṣèèṣì gbè é, yóò ní àmì ayò náà kì í ṣe tòun. Bàbá á ní: "Ta ló bi ọ́?"

Nígbà tí ìdíje ìlú dé, àwọn méjèèjì ló kù fún àṣekágbá. Àbúrò ti fi orúnkún ṣèṣe níbi tó ti ń gbé aláìsàn. Ẹ̀gbọ́n ló bá a fi báńdéèjì dì í láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe jáde ni bàbá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Orúnkún yẹn ni o. Fún un ní bọ́ọ̀lù kúkúrú lẹ́bàá àwọ̀n, kí o gbá èyí tó tẹ̀ lé e gba orí rẹ̀ kọjá. Jẹ́ kó máa sáré bọ̀, kó máa sáré padà. Yóò já fúnra rẹ̀."

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àbúrò sáré, ó yí padà, ó ṣubú, ó figbe ta. Rẹfirí ní bọ́ọ̀lù ti jáde. Àbúrò nawọ́ sókè láti ilẹ̀ tó wà, omijé lójú rẹ̀: "Ó wọlé, sà. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ojú ti ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ tí àbúrò ti lágbára, tí kò ní í sáré, ló wá ń gbá bọ́ọ̀lù sí láti ìgbà náà.

"Orúnkún! Mo ní orúnkún!" ni bàbá ń ké. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Àfìgbà tí bàbá fo ọgbà wọlé, tó ki ráákẹ́ẹ̀tì kan mọ́lẹ̀, tó sì fi etí rẹ̀ la ẹ̀gbọ́n léjìká. Ó tún là á létí, ẹ̀jẹ̀ bo aṣọ funfun rẹ̀.

"Ṣé mo ní kí o ṣàánú ni?"

Oníbúrẹ́dì tí gbogbo ìlú ń sá fún ká jọ bí ọmọdé, kò gbọ́wọ́ sókè. Àbúrò ló tiro yí àwọ̀n ká. Ó fi ráákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ la bàbá lọ́rùn ọwọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára, eegun dún pàá. Bàbá kúnlẹ̀. Àbúrò tún gbé ráákẹ́ẹ̀tì sókè láti là á mọ́ orí bàbá, ni ẹ̀gbọ́n bá so mọ́ ọn lápá.

"Ó tó! Bàbá wa ni!"

"Ìgbà wo ló ti ń ṣe bàbá wa?"

Rẹfirí ní òfin lé àbúrò jáde, ẹ̀gbọ́n ló gba ife. Ẹ̀gbọ́n nu ẹ̀jẹ̀ etí rẹ̀. "Ẹ má gbé e fún mi, sà. Ibi tí mo fọwọ́ ara mi dì fún un ni mo tún ń lù."

Wọ́n fi ife sílẹ̀ lórí tábìlì. Àbúrò fúnra rẹ̀ fi pátákó di ọwọ́ bàbá. Bí ó ṣe dì í tán, ó kẹ̀yìn sí i, ó lọ. Eegun náà jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́, bàbá kò lè di sípánà mú mọ́. Ẹ̀gbọ́n máa ń gbé búrẹ́dì sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kì í wọlé. Àbúrò kì í tilẹ̀ béèrè rẹ̀.

Àwọn méjèèjì ṣì ń gbá tẹníìsì ní pápá mìíràn. Láìpẹ́ yìí, bọ́ọ̀lù ẹ̀gbọ́n ba àbúrò níkùn, ó sáré lọ bá a, ó ń bẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Àbúrò di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ wà jọ̀ọ́. Èmi ló kàn láti gbá bọ́ọ̀lù."