Ààwẹ̀ Aládùúgbò Wa Tó Jẹ́ Káńsẹ́lọ̀

Òórùn búrẹ́dì gbígbóná gbá mi nímú láàárọ̀ yìí ní Allen, inú mi sì dùn débi pé mo dá rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò! Mo kàn rí ara mi lọ́mọdé, tí mo ń po ìyẹ̀fun ní kíṣìnì aládùúgbò wa. Ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì ni obìnrin yẹn, káńsẹ́lọ̀ sì ni. Lọ́jọ́ kejì, àwọn káńsẹ́lọ̀ máa dìbò bóyá kí ṣọ́ọ̀ṣì wa lo ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ kan. Ìbò ti pín dọ́gba, tiẹ̀ ló kù.

Káńsẹ́lọ̀ méjì wọlé. Omi ló fún wọn, kò sí kọfí nílé ẹ̀, torí àwọn Mọ́mọ́nì kì í mu ún.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àwa méjèèjì ti fẹnu kò. A ò fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn níbẹ̀."

Aládùúgbò wa ní, "Wọ́n kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì tèmi pé kí n fúnra mi bi Ọlọ́run. Mo ń gbààwẹ̀ lórí ẹ̀."

"Ebi ló máa bá ẹ dìbò nìyẹn!" Wọ́n rẹ́rìn-ín jáde.

Mo gé búrẹ́dì fún un, kò jẹ ẹ́. Mo rò pé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ ni kò ṣe jẹun. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé torí ìbò tó dì lọ́jọ́ kejì ni àwọn káńsẹ́lọ̀ yẹn ò fi tì í lẹ́yìn mọ́, tó sì pàdánù ipò ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, màmá mi wá mú mi. "Sìsítà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé wa lọ́la o."

"Mo ti bi Ọlọ́run," ni obìnrin náà wí. "Ẹ sọ fún pásítọ̀ yín kó lọ ra àga."

Màmá mi pariwo, ó sì gbé mi sókè tòun ti ìyẹ̀fun ọwọ́ mi!