Èkejì Ni Mo Ní Kí Wọ́n Tẹ̀

Bí ẹ bá dé Ọjà-Ọba tí ẹ béèrè Bàbá Rẹ̀kọ́dà, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bi ni yóò fọwọ́ júwe wọn fún yín. Àmínù lorúkọ wọn gan-an. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi ń gba ohùn àwọn àáfà sílẹ̀ nílùú Ìlọrin, láti ayé kásẹ́ẹ̀tì títí tó fi di káàdì pínńpín tí a ń kì bọ inú fóònù. Kò sí àdúgbò tí wọ́n ti ń ṣe wáàsí tí wọn ò tíì gbé maikirofóònù dé rí. Wọn kì í pariwo, wọn kì í bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá dá káàdì padà pé kò sọ̀rọ̀, wọ́n á fún un ní òmíràn, wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Èmi ni inú máa ń bí. Mo máa ń sọ fún wọn pé olè lẹni yẹn, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín.

Rùkáyàt lorúkọ tèmi. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe ní àdúgbò Post Office. Kí n má parọ́ fún yín, mo mọṣẹ́, ṣùgbọ́n n ò ní sùúrù. Ẹnu mi gbóná, ọwọ́ mi sì yá. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ọkùnrin ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin wo ló ń tú kọ̀ǹpútà, Bàbá Àmínù ló kọ́kọ́ gbé tiwọn wá bá mi, wọ́n sì jókòó tì mí títí mo fi ṣe é tán kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Torí Hadiyyah ni. Hadiyyah lọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, òun náà lọ̀rẹ́ mi. Ilé-kéwú kan náà la lọ, orí wàláà kan náà la ti kọ́ álífù.

Ohùn ọmọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Bó bá ń ka Kùránì, àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì á dúró. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n so yìgì rẹ̀, wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún un bí a ti ń ṣe fún ìyàwó nílé wa: ó jókòó sáàárín àwọn àáfà nínú aṣọ funfun, ó ń ké Kùránì, gbogbo agboolé dákẹ́. Bàbá rẹ̀ ló gba ohùn náà sílẹ̀, ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta. Ọdún ò yí po tó fi bí Zahrah, orí ìkúnlẹ̀ náà ló sì kú sí. Ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Kàdúná, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn. Bàbá Àmínù ló gba ọmọ náà tọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí.

Inú háàdì kan ni ohùn Hadiyyah wà, ike dúdú kékeré kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ibẹ̀ ni gbogbo wáàsí ọdún márùndínlógójì wà pẹ̀lú. Ní gbogbo ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, Bàbá á ki íàpíìsì bọ etí méjèèjì, wọ́n á gbọ́ ọmọ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣe àdúrà fún un. Zahrah kò gbọ́ ọ rí. Wọ́n ti ṣèlérí fún un pé lọ́jọ́ tó bá parí Kùránì tirẹ̀, tí wọ́n bá ń ṣe wòlímọ̀ fún un, ẹ̀bùn tí àwọn máa fún un nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí n kó o sórí fóònù mi, kó má baà jẹ́ ojú kan ló wà. Wọ́n ní ohùn ẹni tó ti lọ ò gbọdọ̀ máa rìn láti fóònù dé fóònù. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú, mo sì fi sílẹ̀. Ẹ wo bí mo ti ya aláìgbọ́n tó.

Ó ku bí oṣù méjì kí ààwẹ̀ wọlé ni mo sọ fún wọn pé kí a pààrọ̀ ètò tó ń darí láptọ́ọ̀pù wọn sí tuntun. Ti àtijọ́ ti gbó, àwọn tó ṣe é ti kéde pé àwọn ò ní tọ́jú rẹ̀ mọ́, mo sì ń bẹ̀rù kí fáírọ́ọ̀sì má wọ inú rẹ̀. Bàbá ní èwo tún ni tuntun, ṣebí èyí ń ṣiṣẹ́. Mo ní ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Bàbá, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ la fi ṣe é. Láptọ́ọ̀pù kú, ó jí, ó tún kú, ó tún jí. Háàdì wà lára rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, n ò sì yọ ọ́. Ohun tí mo máa ń kìlọ̀ fún gbogbo ayé ni mi ò ṣe.

Nígbà tó parí, gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ rekete, ó dára lójú. Háàdì nìkan ni kò hàn. Iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù ò dá a mọ̀. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo ki wáyà náà bọ ihò mìíràn. Mo gbé e lọ sára kọ̀ǹpútà tèmi, bákan náà ni. Nígbà tí mo wá wo ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń ka gbogbo ohun tí wọ́n so mọ́ ọn, mo rí i níbẹ̀ láìlórúkọ, mo fún un lórúkọ, ni kọ̀ǹpútà bá ní òun ò lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tíì lọ, ìwé tó ń sọ ibi tí nǹkan wà ló dàrú. Mo ní ohun tí mo lè fi yọ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mo nílò háàdì mìíràn tó tóbi tí màá máa kó o sí, ó sì máa gbà tó ọjọ́ méjì. Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà. Mo ti gba iṣẹ́ ní Malete, ṣọ́ọ̀bù kan tí kọ̀ǹpútà mẹ́jọ wà, mi ò ní í dé títí di ọjọ́ àìkú. Mo ní kí Bàbá má fọwọ́ kan háàdì náà títí n ó fi dé. Wọ́n ní ó dáa.

Ọjọ́bọ̀ ló wá kàn. Ìrun àlàásárì tán, Bàbá jókòó, ara wọn ò gbà á. Wọ́n ní kí àwọn kàn wò ó bóyá ó ti dá padà. Wọ́n so háàdì mọ́ láptọ́ọ̀pù, àpótí kan sì yọ lójú rẹ̀ tó kún fún òyìnbó. Kéwú ni wọ́n kà, wọn ò ka ìwé òyìnbó. Bọ́tìnnì tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, ojú ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: wọn ò tẹ nǹkan kan. Èmi ni wọ́n pè.

Èmi wà ní Malete, oníṣọ́ọ̀bù dúró sí mi lórí, ó ń ráhùn pé iṣẹ́ ti pẹ́ jù. Bí Bàbá ṣe ní àwọn so háàdì mọ́ ọn, inú bí mi. Mo ní ṣebí mo sọ pé kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí n má bínú. Wọ́n ní àpótí kan yọ, bọ́tìnnì méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èwo ni kí àwọn tẹ̀. Mo mọ àpótí yẹn bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Ó ń béèrè bóyá kí òun nu gbogbo ohun tó wà nínú háàdì ni. Ti òsì ní kó nu ún, ti ọ̀tún ní kó fi í sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n tẹ èkejì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní òmíràn tún ti yọ, bọ́tìnnì méjì náà ló wà níbẹ̀. Ó yẹ kí n bi wọ́n léèrè pé kí ló gbé òmíràn dé. N ò bi wọ́n. Mo ní èkejì náà ni. Wọ́n ní ẹ̀kẹta tún ti yọ o, Rùkáyàt, ṣé ó dá ọ lójú?

Mo pariwo mọ́ wọn. Bàbá tó bí ọ̀rẹ́ mi, mo pariwo mọ́ wọn. Mo ní, "Bàbá, èkejì! Èkejì ni kí ẹ máa tẹ̀, ó tán!"

Wọ́n ní, "Ó ti lọ. Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san." Mo pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá so háàdì mọ́ láptọ́ọ̀pù, ó ṣí, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Wọ́n rò pé mo ti kó àwọn ti àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà mi. Wáàsí ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn káàdì wọn ti kún, ni wọ́n bá kó gbogbo ohun tó wà lórí káàdì sínú háàdì náà bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó gba àyè tó pọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ àìkú tí mo dé, tí mo ṣí i, wáàsí tuntun nìkan ni mo bá níbẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n tẹ̀. Wọ́n ní ohun tí mo ní kí wọ́n tẹ̀ náà ni. Mo fa bébà kan yọ, mo ya àpótí náà, mo ya bọ́tìnnì méjì sísàlẹ̀ rẹ̀, mo ní kí wọ́n fi hàn mí. Bàbá Àmínù gbé ìka lé ti ọ̀tún, wọ́n ní, "Ọ̀kan." Wọ́n gbé e lé ti òsì, wọ́n ní, "Èjì. Èyí lèkejì."

Láti ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà. Ibo ni wọn ì bá tún ti kà á? Láti ọwọ́ ọ̀tún la ti ń ka kéwú, láti ọwọ́ ọ̀tún la ti ń kọ wàláà. Èmi náà jókòó sílé-kéwú fún ọdún mẹ́jọ, mo mọ̀ ọ́n. Ká ní mo sọ pé ti ọ̀tún ni, ọ̀rọ̀ kan péré, ohùn Hadiyyah ì bá wà.

Wọ́n wò mí lójú. Wọ́n ní, "Rùkáyàt, àbí mo ṣì í tẹ̀ ni?"

Ẹ má bi mí léèrè ìdí. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo ní, "Ó dà bíi pé ẹ ṣì í tẹ̀, Bàbá."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà lórí háàdì náà, n ò lọ ilé. Mo rí wáàsí púpọ̀ yọ. Nígbà tó yá mo rí orúkọ Hadiyyah, ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta, inú mi dùn débi pé mo sunkún. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ohùn Bàbá tó ní kí àwọn èèyàn dákẹ́, ọmọ kan ń ké níbì kan, mo gbọ́ Hadiyyah tó hú ikọ́ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àáfà kan já lu ọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ nípa sàká. Ohun tí Bàbá kó sínú háàdì lọ́jọ́ Jímọ̀ ló ti gun orí ohùn Hadiyyah. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ló kù nínú rẹ̀, kò sì sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀rẹ́ mi sọ níbẹ̀. Mo gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, òun náà mi orí.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Rẹ̀kọ́dà ò ti lọ gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́. Àwọn àáfà ránṣẹ́ sí wọn títí, Bàbá ní ọwọ́ àwọn ò dáa mọ́. Wọ́n ṣì ń lọ sí Ọjà-Ọba, wọ́n ń ta káàdì tó kù. Bí èèyàn bá kí wọn, wọ́n á dáhùn. Ọjọ́bọ̀ tí mo lọ wò wọ́n, mo bá wọn tí íàpíìsì wà létí wọn, wáyà rẹ̀ ò sì sí lára nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, Zahrah parí Kùránì. Wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún un, èèyàn pọ̀, ọmọ náà kà á dáadáa. Nígbà tí àwọn àlejò ń jẹun lóde, ó wọlé wá bá bàbá rẹ̀ àgbà, èmi náà jókòó níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ohùn màámì mi ńkọ́?"

Bàbá Àmínù ò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un. Wọ́n ní ohùn náà ò sí mọ́, ọwọ́ àwọn ló nu ún, àwọn ló ṣi bọ́tìnnì tẹ̀. Ọmọ náà ní ṣé wọ́n lè fi bí màámì òun ṣe ń ka Kùránì han òun. Wọ́n gbìyànjú. Wọ́n ṣe Bísímílà, wọ́n mú ẹsẹ àkọ́kọ́ nínú Yáásìn, wọ́n mú ìkejì, wọ́n dúró. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún dúró. Wọ́n ní, "Mo ti gbàgbé ibi tó ti máa ń mí." Zahrah dìde, ó dúpẹ́, ó jáde lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sunkún. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ti la ẹnu, mo ti ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún yín nípa bọ́tìnnì yẹn." Wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́, wọ́n rò pé mo tún fẹ́ rẹ̀ wọ́n lẹ́kún ni. Wọ́n ní àwọn mọ wàhálà tí mo ṣe, ọjọ́ mẹ́ta tí n ò fi lọ ilé. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, omijé wà lójú wọn, wọ́n ní, "Rùkáyàt, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣe irú ohun tí ọwọ́ mi ṣe yìí láéláé."

Mo ní àmín.