Omi Òkè Yìnyín Inú Fíríìjì Baba Len

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí. Bẹ́ ẹ bá ní irọ́ ni, mi ò ní bínú!

Iṣẹ́ kẹ́á ni mò ń ṣe ní Marks Gate, nílùú òyìnbó níbí. Mò ń tọ́jú Baba Len, òyìnbó arúgbó tó ṣiṣẹ́ ọkọ̀ òkun nígbà èwe rẹ̀. Fọ́tò òkè yìnyín kan wà lára ògiri rẹ̀, ní erékùṣù South Georgia, níbi tí ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí. Orúkọ arìnrìn-àjò inú yìnyín kan ni wọ́n fi pe òkè náà, àmọ́ Baba ní ọkùnrin náà kò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí tó fi kú. Ẹ gbọ́ nǹkan!

Nígbà tí ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ síbẹ̀, Baba bu yìnyín òkè náà, ó jẹ́ kó yọ́, ó sì rọ omi rẹ̀ sínú ìgò tó wà nínú fíríìjì rẹ̀ títí dòní. Ojú oórì òun ló ní kí wọ́n dà á sí.

Ní Sátidé, ooru mú, mo ki ìgò omi àdúrà tí mo gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì bọ inú fíríìjì Baba. Ìkánjú ni mo fi kúrò níbẹ̀. Ẹ ti mọ ìgò tí mo gbé!

Lọ́sàn-án Sunday, mo ka sáàmù nínú fúláàtì mi ládùúgbò Gascoigne, mo wọ́n omi náà káàkiri, mo sì mu díẹ̀.

Gbàù! Ògiri dún bí ìbọn. Mo ní àwọn tó ń wó ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni. Lọ́jọ́ Sunday kẹ̀? Mo yọjú lójú wíńdò: kò sẹ́nì kankan. Ohun kan wá ń kérora lábẹ́ ilẹ̀, ilé tutù débi pé èémí mi ń yọ bí èéfín, nínú ooru oṣù July! Mo pariwo orúkọ Jésù. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé àgbélébùú tí mo fi báírò yà sára ìgò mi ò sí lára èyí tó wà lọ́wọ́ mi.

Ní Mọ́ńdè, mo gbé ìgò náà padà, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún Baba pé omi rẹ̀ ni mo ṣèèṣì lò, pé ìdajì ló kù. Kò bínú. Ó kàn bi mí pé ṣé gbàù ló kọ́kọ́ dún, àbí ìkérora.

"Gbàù ni, sà."

Omijé lé ròrò sí i lójú. Ó ní bí òkè yìnyín náà ṣe máa ń dún gan-an nìyẹn tó bá ń sán, láti ìgbà èwe lòun ò ti gbọ́ ọ mọ́. Ó ní kí n da èyí tó kù sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo ní, ìsìnkú yín ńkọ́? Ó ní etí wo lòkú fẹ́ fi gbọ́ ọ?

Mo bọ́ bàtà mi bá a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun náà ní kí n bá òun bọ́ sílípáàsì òun. Mo dà á sórí kápẹ́ẹ̀tì. A ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti fẹ́ máa bẹ̀ ẹ́ ni... gbàù! Baba gbá ọwọ́ mi mú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ẹ máa wo ìgò yín dáadáa o! Àmọ́ ohun tí mo rí kọ́ ni pé ohun tá a ń tọ́jú de ikú, ẹni tó wà láàyè ló nílò rẹ̀. Kí lẹ̀yin náà ń tọ́jú pamọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, mo fẹ́ kà á.